Máàkì ìbẹ̀rù ìdánwò wálẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ní n kò tíì fi nǹkan kan hàn

Akẹ́kọ̀ọ́Òru:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ìwádìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí orí mi tó fọ́.

Ìbẹ̀rù ìdánwò ni iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi dá lé. Mo pín ìwé ìbéèrè fún akẹ́kọ̀ọ́ 140. Gbólóhùn 20 ló wà nínú ẹ̀, irú bíi "Àyà mi máa ń já tí wọ́n bá ti ń pín ìwé ìdánwò." Èèyàn á mú láti 1 dé 4 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà 80 ló ga jù. Mo ṣa àwọn 40 tí máàkì wọn ga jù, torí àwọn ni ọ̀rọ̀ náà ń dùn jù. Ọ̀sẹ̀ 6 gbáko ni mo fi ń kó wọn jọ, mò ń kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń mí kanlẹ̀ àti bó ṣe ń bá ọkàn ara ẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó wọ yàrá ìdánwò. Lẹ́yìn náà mo tún pín ìwé ìbéèrè kan náà fún wọn. Ìpíndọ́gba wọn já láti 63 sí 52, p sì kéré sí 0.001.

Inú mi dùn kọjá sísọ. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi. Wọ́n yọ awò ojú wọn sórí tábìlì, wọ́n ní, "Mo rí i pé ó wálẹ̀. Kí ló mú un wálẹ̀?" Mo ní ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ wọn ni. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ẹ?" Ni wọ́n bá fi bírò pupa kọ "internal validity" sí etí ìwé mi, wọ́n fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dá a padà.

Kí ni wọ́n tún fẹ́? Ṣé p kò tó ni? Oṣù 3 ló kù kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀.

ÌyáDátà:
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Bírò pupa yẹn ti kan èmi náà rí.

Àkùkọ kọ, ilẹ̀ mọ́. Ṣé àkùkọ ló mú ilẹ̀ mọ́? Ohun tí ọ̀gá ẹ ń bi ẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí p rẹ ń sọ ni pé, ká ní kò sí ìyàtọ̀ kankan, agbára káká ni irú ìyàtọ̀ báyìí fi máa ṣèèṣì yọjú. Kò mọ ohun tó fa ìyàtọ̀ náà, kò tiẹ̀ bìkítà. Internal validity ni ẹ̀tọ́ tí o ní láti sọ pé ohun tí o ṣe ló fà á, pé nǹkan mìíràn kọ́. Bí o ṣe ṣètò iṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ ló ń fúnni ní ẹ̀tọ́ yẹn.

Campbell àti Stanley, àwọn onímọ̀ nípa ọ̀nà ìwádìí, ti to àwọn "nǹkan mìíràn" yẹn jọ láti ọdún 1963: ohun tó ṣẹlẹ̀ níta nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ọjọ́ tó ń gorí ọjọ́, ìwé ìbéèrè tí wọ́n ti rí rí, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ká wọn ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ká kọ́ wọn, ká tún wọ̀n wọ́n, gbogbo ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn ló ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ṣùgbọ́n èyí tó gbé ẹ ṣubú jù wà nínú gbólóhùn kan tí o sọ bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan: "Mo ṣa àwọn 40 tí máàkì wọn ga jù."

Wá dáìsì 20. Dà wọ́n sílẹ̀. Ṣa gbogbo èyí tó bá já sí 5 tàbí 6 sọ́tọ̀, kí o kọ́ wọn bí a ṣe ń mí kanlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, kọ́ dáìsì. Wá tún wọn dà. Ìpíndọ́gba wọn á já láti nǹkan bíi 5.5 wá sí ìtòsí 3.5, ẹ̀kọ́ rẹ á sì "ṣiṣẹ́". Máàkì tí èèyàn mú lọ́jọ́ kan, ìbẹ̀rù rẹ̀ gan-an wà nínú ẹ̀, bí ọjọ́ náà ṣe rí fún un sì wà níbẹ̀: kò sùn dáadáa, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ọ̀rẹ́ jà, olùkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde tẹ́ẹ̀sì. Tí o bá ṣa àwọn tó wà lókè pátápátá, o ti kó ọ̀pọ̀ àwọn tí ọjọ́ náà burú fún jọ. Tó bá di ìgbà kejì, wàhálà ọjọ́ yẹn kò ní bà lé orí àwọn kan náà. Wọ́n á wálẹ̀ díẹ̀, o kọ́ wọn o, o lọ sùn o.

Kahneman, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, pàdé ọ̀rọ̀ yìí lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ ọmọ ogun òfuurufú Ísírẹ́lì ní bí wọ́n ṣe ń wa bàálù. Wọ́n ní tí àwọn bá yin ẹni tó fò dáadáa, èyí tó máa fò tẹ̀ lé e á bàjẹ́. Tí àwọn bá jágbe mọ́ ẹni tó fò burúkú, á ṣe dáadáa sí i. Wọ́n wá gbà pé igbe ló ń kọ́ni. Ẹ ò rí i bí dáìsì ṣe ń tan àgbààgbà.

Kí o má baà rò pé mo ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́: nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́ tèmi, mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì, mò ń ka iye ìgbà tí àwọn ọmọdé ń bá ara wọn jà. Lọ́sẹ̀ kìíní, tí ọmọ kan bá ti fi ìgúnpá ti ẹnìkejì, mo ti fa ìlà kan. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ 5, ariwo wọn ti mọ́ mi lára, àfi tí ẹnìkan bá gba ìkúùkù kí n tó fàlà. Mo sì kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé pé ìjà dínkù! Ojú tèmi ló yí padà. Àwọn ọmọ ń jà bí wọ́n ṣe ń jà tẹ́lẹ̀.

Ẹlẹ́rìíKẹta:
Ìyá ti sọ ọ́ tán. Ìbéèrè kan ni tèmi: ṣé gbogbo 40 ló kọ ìwé ìbéèrè ẹlẹ́ẹ̀kejì?

Akẹ́kọ̀ọ́Òru:
Rárá o, 29 ni. Àwọn tó kù ò wá mọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ 3.

Ẹlẹ́rìíKẹta:
63 yẹn wá jẹ́ ti ta? Ti 40 àbí ti 29?

Akẹ́kọ̀ọ́Òru:
Yéè. Ti 40 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tún un rò. Àwọn 29 tó dúró, 60 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn 11 tó lọ, ìpíndọ́gba tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 71.

ÌyáDátà:
Àwọn tí ẹ̀rù ń bà jù ló sá. Máàkì 11 tí o ní ó fi wálẹ̀ ti di 8 nìyẹn, a ò tíì yọ ti dáìsì kúrò. Máàkì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi bẹ̀rẹ̀ ni kí o fi wé èyí tí òun gan-an fi parí. Má fi 40 wé 29 bí ẹni pé ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n.

Onísùúrù:
Ẹ rọra fún ọmọ náà. Máàkì nìkan ló fi pín wọn, bí ẹni fa ìlà sáàárín àwọn 40 àti àwọn tó kù, ìyẹn gan-an wúlò. Àwọn olùwádìí méjì, Thistlethwaite àti Campbell, ti lo irú ìlà bẹ́ẹ̀ ní 1960: ẹ fi àwọn tó wà lókè ìlà díẹ̀ wé àwọn tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ díẹ̀, torí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Tó bá jẹ́ pé lọ́sẹ̀ yìí ló ṣe ìwọ̀n kejì, kó tètè wọn àwọn 100 tó kù.

ÌyáDátà:
Ọ̀nà tó dára ni, Onísùúrù, ṣùgbọ́n èèyàn mélòó ló máa wà nítòsí ìlà nínú 140? Àwọn tó sá náà tún ti da apá òkè rú. Èmi ò ní gbé àpilẹ̀kọ mi lé e.

Akẹ́kọ̀ọ́Òru, oṣù 3 tó. Mú àwọn 40 tó tẹ̀ lé e nínú àwọn tó kù, tí wọ́n bá gbà. Ṣẹ́ kèké: 20 bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ báyìí, 20 dúró de ọ̀sẹ̀ 6. Wọn gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà, kí o wá kọ́ àwọn tó dúró, kó má di ìyànjẹ. Ti dáìsì yẹn ò ní lọ o, á kàn ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ méjèèjì bákan náà ni. Ìyàtọ̀ tó bá ṣẹ́ kù láàárín wọn ni tìrẹ. Ẹni tó bá sá, wá a lọ kó kọ ìwé ìbéèrè, kí o sì kà á mọ́ ẹgbẹ́ tí kèké fi í sí.

Wọ́n á tún bi ẹ́ bóyá ó kan ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. External validity nìyẹn. Jẹ́ kí internal validity fẹsẹ̀ múlẹ̀ ná.

Ẹlẹ́rìíKẹta:
Ẹ má fọwọ́ ara yín pín ìwé ìbéèrè náà fún wọn. Ẹṣin kan wà ní Berlin, Hans, tó ń fi pátákò ṣe ìṣirò. Ní 1907 Pfungst fi hàn pé tí ẹni tó ń bi í kò bá mọ ìdáhùn, ẹṣin ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ojú ẹni tó ń bi í ló ń wò láti mọ ìgbà tó máa dáwọ́ dúró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín mọ ohun tí ẹ fẹ́, wọ́n sì fẹ́ràn yín.

Akẹ́kọ̀ọ́Òru:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti kọ orúkọ wọn sórí pépà wẹ́wẹ́, mo ti ká a. Ọjọ́ Ajé ni màá fà á.

ÌyáDátà:
Ìwọ kọ́. Wá ẹni tí kò mọ ọ̀kankan nínú wọn kó bá ẹ fà á, kí o sì kọ bó ṣe já sí sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wá bẹ̀ ẹ́ pé òun fẹ́ wà pẹ̀lú ọ̀rẹ́ òun.