Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí orí ọfà ìwọ̀n nínú AutoCAD

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Pílánù ilé ni mò ń fi AutoCAD (ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà) yà n'Íbàdàn níbí, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Akóbọ̀ ló sì wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ọ̀gá tó gbéṣẹ́ fún mi ò fẹ́ ọfà dúdú ní ìparí ìlà ìwọ̀n, kò fẹ́ Architectural Tick (ìlà kékeré tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́). Ìlà dídábùú tó ní àmì róbótó láàárín ló fẹ́, kí bíríkìlà lè rí ibi tí ìwọ̀n parí sí kedere lórí bébà A3. Mo fara mọ́ ọn, torí bébà kì í pẹ́ dọ̀tí ní sáìtì.

Mo ti yà á, mo sọ ọ́ di block (àwòrán tí a dì pọ̀ di ẹyọ kan), mo sì yàn án ní User Arrow (ibi tí a ti ń yan orí ọfà tí a fúnra wa yà). Ó gbà á. Ṣùgbọ́n ìlà ìwọ̀n kì í kan àmì náà: àlàfo wà láàárín wọn, bí mo bá sì fi kún Arrow size (ìtóbi orí ọfà), ṣe ló tún ń fẹ̀ sí i. Ṣé inú block náà ni kí n ti fa ìlà tó gùn tó unit 1 láti base point (ojú ibi tí a fi ń gbé block kalẹ̀) sẹ́yìn?

Ẹ jọ̀ọ́, fún rédíọ́ọ̀sì àtẹ̀gùn tó yípo, mo ṣì fẹ́ ọfà dúdú. Ṣé style (àkójọ ètò ìrísí ìwọ̀n) tuntun ni, àbí ó lè wà lábẹ́ èyí tí mo ń lò?