Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n fúnra mi pààrọ̀ ọ́ìlì gíà ọkọ̀ bàbá mi?

Àdùnní Sùúrùlérè:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Honda Accord 2004 ni mò ń wà, èyí tí gbogbo Èkó ń pè ní End of Discussion, oní-silíńdà mẹ́rin. Bàbá mi ló ni ín kí wọ́n tó jáde láyé. Èmi ni mo máa ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún wọn lábẹ́ ọkọ̀, ọwọ́ wọn ni mo sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì. Ọkọ̀ yìí kì í ṣe irin lásán lójú mi.

Ó ti tó oṣù méjì báyìí tí gíà rẹ̀ ti ń dà mí láàmú. Tí mo bá fi sí D láàárọ̀, á kọ́kọ́ dákẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́, lẹ́yìn náà á wá ta gìrì bí ìgbà tí wọ́n tì í lẹ́yìn. Ti rìfáàsì ló burú jù. Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ sì mọ bí orí Èkó Bridge ṣe máa ń rí: ká rìn díẹ̀, ká dúró, títí dé Àpọ́ngbọ̀n, nínú oòrùn. Mo fa géèjì gíà jáde, mo fi tíṣù funfun nù ún. Ọ́ìlì náà ti dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì, ṣùgbọ́n kò rùn bí ohun tó jóná. Iná D tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kò sì ṣẹ́jú.

Mekáníìkì kan ní kí n jẹ́ kí òun fi ẹ̀rọ fọ gbogbo inú rẹ̀, owó tó sì pè ju ìdajì owó oṣù mi lọ. Òmíràn ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ́ìlì àtijọ́ rárá, pé tí mo bá dà á nù, gíà á kú kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbà? Sátidé ni mo fẹ́ ṣe é nínú ọgbà wa, sìmẹ́ǹtì ni ilẹ̀ ibẹ̀, ó sì tẹ́jú.

Ìyá Ìbejì Yábàá:
Àbúrò mi, rọra o. Sienna wa ti ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà náà: a tẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnì á pariwo, ọkọ̀ ò ní lọ. Wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì gíà ní Ọjọ́bọ̀. Nígbà tó máa di ọjọ́ Àìkú, ó ti kú mọ́ wa lọ́wọ́ ní Ọjọ́ta, tọmọtọmọ, nínú òjò. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rù ọ́ìlì gíà ń bà mí.

Gíà Ladípọ̀:
Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ò jẹ̀bi bí ẹ̀rù bá ń bà yín. Ṣùgbọ́n ẹ ti fẹnu ara yín sọ ọ́: ó ti ń yọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn àwo kan wà nínú gíà tó máa ń di ara wọn mú, ohun kan tó dà bíi páálí ni wọ́n fi bo ojú wọn. Nígbà tí ìyẹn bá ti jẹ tán, ọ́ìlì tuntun ò lè dá a padà. Gíà tó ti ń kú lọ ni wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, ọ́ìlì wá gba ẹ̀bi.

Àdùnní, tìrẹ ò yọ̀, kò sì rùn bí ohun tó jóná. Ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́. Inú gíà náà gba ju lítà 6 lọ, ṣùgbọ́n tí o bá tú nọ́ọ̀tì ìdí rẹ̀, bíi lítà 2 àbọ̀ ló máa jáde. Ìyókù wà nínú kọ̀ǹfátà, ẹ̀yà tó so ẹ́ńjìnì pọ̀ mọ́ gíà. Torí náà, dà á, rọ tuntun, wà á fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí o tún ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹta, púpọ̀ nínú èyí tó dúdú yẹn á ti lọ.

DW-1, ọ́ìlì gíà Honda fúnra wọn, ni kí o rà, òun ni wọ́n fi rọ́pò Z1 àtijọ́. Ẹni tó bá sọ fún ẹ pé ọ̀kan náà ni gbogbo ọ́ìlì pupa, kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Má sì ra èyí tí wọ́n ń bù láti inú gálọ́ọ̀nù tí wọ́n ti ṣí.

Ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ jù rèé: má ṣi nọ́ọ̀tì tú! Mo ti rí ọkọ̀ tí ẹni tó ni ín da ọ́ìlì gíà nù, tó rò pé ti ẹ́ńjìnì ni, tó wá rọ ọ́ìlì tuntun lé ẹ́ńjìnì tó ti kún. Gíà gbẹ, ẹ́ńjìnì kún ju bó ṣe yẹ lọ. Ti gíà wà lọ́wọ́ ẹ̀gbẹ́ tí dráfà ń jókòó sí, ihò onígun mẹ́rin ló wà lójú rẹ̀, orí ráṣẹ́ẹ̀tì kékeré ló ń wọ̀ ọ́ láìsí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Lo wọ́ṣà tuntun. Mágínẹ́ẹ̀tì wà lórí nọ́ọ̀tì yẹn: tí o bá rí ẹrẹ̀ dúdú tó kúnná, kò burú. Tí o bá rí irin wẹ́wẹ́ tí èèyàn lè ṣà, dúró, kí o pè mí.

Ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn?

Ọmọ Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta:
Kí ẹ tó ra ọ́ìlì, ẹ wo ẹ́ńjìnì síìtì, ìyẹn rọ́bà tó di ẹ́ńjìnì mú sára ọkọ̀. Accord mi náà ń ta gìrì, síìtì ló ti ya. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹnì kan jókòó, kó tẹ bíréèkì dáadáa, kó máa gbé gíà láti D sí R. Kí ẹlòmíràn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe iwájú ọkọ̀ o. Tí ẹ́ńjìnì bá fò sókè, síìtì ti lọ.

Àdùnní Sùúrùlérè:
Ẹ ṣeun gan-an. A ti dán an wò, ẹ́ńjìnì fò lóòótọ́ tó bá bọ́ sí R! Ní ti ìbéèrè yín, ẹ̀gbọ́n, mo lọ wo ìwé tí bàbá mi fi ń kọ iṣẹ́ ọkọ̀. Oṣù kẹta ọdún 2016 ni wọ́n kọ ọ́ kẹ́yìn: DW-1, lítà 2.5. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ìyẹn. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó tí mo bá rọ ọ́ tán?

Bàbá Bọ́lá Agége:
Jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́, fi gíà sí P, fa géèjì.

Gíà Ladípọ̀:
Bàbá Bọ́lá, Toyota nìyẹn sà. Ti Honda yàtọ̀. Àdùnní, gbé e gbóná títí fáànù á fi ṣiṣẹ́, pa ẹ́ńjìnì, kí o fa géèjì láàárín ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Àárín àmì méjèèjì ni kó wà. Ojú ihò géèjì náà ni kí o ti rọ ọ́, wá àrọ tí ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Wọn èyí tó jáde, iye yẹn náà ni kí o kọ́kọ́ dá padà. Má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e, jọ̀ọ́. Fi sítáǹdì sí i.

Àdùnní Sùúrùlérè (ọjọ́ Àìkú):
Mo ti ṣe é. Ike omi onílítà kan àbọ̀ ni mo fi wọ̀n ọ́n: ọ̀kan kún, èkejì gba díẹ̀ ju ìdajì lọ. Ẹrẹ̀ dúdú ni mo bá lórí mágínẹ́ẹ̀tì, kò sí irin wẹ́wẹ́. Ìdákẹ́ àárọ̀ yẹn ti dín kù gan-an. Ó ṣì ń ta ní rìfáàsì.

Gíà Ladípọ̀:
Ti síìtì nìyẹn. Pààrọ̀ síìtì náà kí o tó da ọ́ìlì lẹ́ẹ̀kejì. Má da ọ́ìlì àtijọ́ sí gọ́tà o, gbé e wá sí Ladípọ̀, a ní dúrọ́ọ̀mù tí a ń dà á sí.

Àdùnní Sùúrùlérè:
Màá gbé e wá lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n. Mo ti kọ déètì tí mo ṣe é àti lítà rẹ̀ sínú ìwé náà, lábẹ́ ti 2016.