Gíráàfù ní ìlà wa kò kún, àwọn oníbàárà ní kò lọ. Ta ló ń purọ́?

Ọmọ Ṣọ̀ún
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí. Íntánẹ́ẹ̀tì là ń tà fún àwọn ilé akẹ́kọ̀ọ́ ní Under G, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, láti orí másíìtì kan ṣoṣo. Tí aago méje alẹ́ bá ti lù, WhatsApp mi ò ní sinmi mọ́. "Ó kàn ń yí." "Kò ṣí." "Ẹ dá owó wa padà." Ọ̀kan tiẹ̀ ka ohùn sínú gúrúùpù wọn, ó bú mi tìyátìyá. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo gé ìlà tiẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ìlà 200 Mbps (megabit 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni mò ń sanwó fún lóṣooṣù, owó dísẹ́ẹ̀lì sì wà lọ́tọ̀. Mo wo gíráàfù MRTG wa (ètò tó ń ya iye dátà tó ń gba ìlà kọjá), kò kọjá 110 rí. Lálẹ́ tí wọ́n ń pariwo yìí, 60 sí 70 ló máa ń wà. Ìlà tí kò kún dé ìdajì! Ọmọ iṣẹ́ mi ní ká pààrọ̀ gbogbo rédíò, owó rẹ̀ ò sí. Kí ni mo lè fi han àwọn ọmọ yìí kí wọ́n gbà pé fóònù wọn ló burú?

Baba Másíìtì
Ọmọ iṣẹ́ rẹ mọ nǹkan tó ń sọ. Ìlà lè ṣófo kí rédíò kún. Àkókò orí afẹ́fẹ́ ni àwọn oníbàárà orí sector kan (rédíò orí másíìtì tó kọjú sí apá kan àdúgbò) jọ ń pín, kì í ṣe Mbps. Ẹni tí àmì rẹ̀ bá wà ní -82 dBm (agbára àmì ni; bó ṣe jìnnà sí òdo tó ló ṣe burú tó), ìwọ̀n tó kéré jù ni yóò máa fi gba dátà, yóò sì di gbogbo ẹni tó kù lọ́wọ́. Ṣí registration table, àkọsílẹ̀ àwọn tó so mọ́ rédíò. Ẹnikẹ́ni tó bá ti burú ju -75 lọ, gun òrùlé rẹ̀, kí o tún díìṣì rẹ̀ kọjú sí másíìtì.

Àbúrò Linux
Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń fi bit wé byte? Bit 8 ló wà nínú byte kan. Ẹni tẹ́ ẹ ta 10 Mbps fún, 1.25 megabyte láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni yóò rí tó bá ń wa fáìlì. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Màmá Fáíbà
Ẹ̀yin ń ta oògùn, ẹ ò tí ì yẹ aláìsàn wò.

Ọmọ Ṣọ̀ún, gíráàfù yẹn, iye dátà tó kọjá ló ń kà. Kò sọ bó ṣe rí lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó. Ohun tó ń sọ ìyẹn ni: iye millisecond tí packet (ègé dátà) fi lọ tó fi bọ̀, bí iye yẹn ṣe ń ṣe ségesège láàárín packet kan sí èkejì, àti iye packet tó sọnù. Ẹni tó ń ṣe ìpè fídíò kò bìkítà nípa Mbps rẹ. Tí ségesège yẹn bá ti ju 30 millisecond lọ, ohùn á máa já.

Ṣe báyìí. Láago 8:30 alẹ́ òní àti aago 5 ìdájí ọ̀la, jókòó sí ilé oníbàárà kan tàbí sórí rédíò rẹ̀, kí o ping ibi mẹ́ta (fi packet ránṣẹ́, kí o wo ìgbà tí èsì fi dé), ọgọ́rùn-ún packet fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: másíìtì yín, ráútà yín, àti gateway (ẹnu ọ̀nà) àwọn tó ń ta ìlà fún yín. Ibi tí millisecond bá ti fò sókè, ibẹ̀ ló ti dí.

Sì dá mi lóhùn: ìgbà wo ni ariwo yìí bẹ̀rẹ̀? Oníbàárà mélòó lẹ ní? SNMP (ọ̀nà tí MRTG fi ń béèrè òǹkà lọ́wọ́ ráútà) version mélòó ni MRTG yín ń lò?

Ọmọ Ṣọ̀ún
Ẹ ṣé, mà. Ping kọ́ ni ìṣòro wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é tán láago mẹ́ta ọ̀sán yìí, Google ń dá wa lóhùn dáadáa. Fóònù wọn ni mo sọ.

Màmá Fáíbà
Aago mẹ́ta ọ̀sán lo ṣe é. 8:30 alẹ́ ni mo wí. O ò sì dáhùn ìkankan nínú ìbéèrè mẹ́ta tí mo bi ọ́.

Alága Dátà
Ohun tó máa parí ẹjọ́ yìí ni 95th percentile. Ẹ kó gbogbo ìwọ̀n ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún oṣù kan jọ, ẹ tò ó láti orí ńlá dé kékeré, ẹ yọ ìdá márùn-ún òkè dànù. Èyí tó bá ga jù nínú ohun tó kù ni ẹ fi wé 200. Tí kò bá tó, ìlà tó yín, ẹ fi han àwọn oníbàárà.

Màmá Fáíbà
Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣírò owó ìlà nìyẹn, Alága. Ẹ má fi wọ̀n ìgbádùn oníbàárà. Ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ́ ìwọ̀n 8,640. Ìdá márùn-ún rẹ̀ jẹ́ 432, ìyẹn wákàtí 36. Ẹ pín in sí ọgbọ̀n ọjọ́: wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 12 lálaalẹ́. Wákàtí tí àwọn ọmọ yẹn ń pariwo gan-an lẹ fẹ́ jù nù.

Alága Dátà
Gbogbo ilé iṣẹ́ ńlá ló ń lò ó.

Màmá Fáíbà
Fún owó ni. Gíráàfù ọ̀sẹ̀ inú MRTG náà nìyẹn: ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú 30 ni, ti oṣù jẹ́ wákàtí méjì, ti ọdún jẹ́ odidi ọjọ́ kan. Bó ṣe ń jìnnà sí i ló ń pa òkè rẹ́.

Ọmọ Ṣọ̀ún
Ẹ má bínú, mà. Mo ṣe é lálẹ́ àná.

8:30 alẹ́: másíìtì 4 ms. Ráútà wa 5 ms. Gateway wọn 318 ms, packet 6 sọnù nínú ọgọ́rùn-ún.
5 ìdájí: másíìtì 3, ráútà 4, gateway 9, kò sí èyí tó sọnù.

Ẹ ti rí i pé àwọn tó ń ta ìlà fún wa ló ń ṣe màgòmágó! Mo pè wọ́n, wọ́n ní a ti lo 200 wa tán. Irọ́ funfun! Gíráàfù ní 65. Pọ́ọ̀tù ráútà mi náà, discard rẹ̀ (iye packet tó dà nù) jẹ́ òfo.

Baba Másíìtì
Ó dáa, kì í ṣe rédíò. Ṣùgbọ́n tún díìṣì wọ̀nyẹn ṣe ná.

Màmá Fáíbà
Discard kò lè hàn lọ́dọ̀ rẹ. Dátà tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ, ní òdìkejì ìlà ló ti ń tò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń dà á nù. Ohun tó sọnù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ráútà rẹ kò lè kà á.

SNMP version mélòó?

Ọmọ Ṣọ̀ún
Version 1 ni, mà. Config tá a ti ń lò tẹ́lẹ̀ ni, kò fún wa ní wàhálà rí nígbà tí ìlà jẹ́ 100. Oṣù tó kọjá la gòkè sí 200. Àní ẹ wò ó bó ṣe ń ṣiṣẹ́: láti àárọ̀ á máa gùn díẹ̀díẹ̀, tó bá di nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ á dé 110, lẹ́yìn náà á já lulẹ̀ wá sí 2 tàbí 3, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn títí dé 65. Iná NEPA ló máa ń lọ ní Under G lákòókò yẹn, tí gbogbo wọn fi ń kúrò lórí ìlà.

Àbúrò Linux
Yéè! Ẹ̀gbọ́n, ibí lẹ ti yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Màmá Fáíbà
Kì í ṣe NEPA. Òǹkà ló yí padà sí òdo.

SNMP version 1 kò lè ka òǹkà 64-bit. ifInOctets ló ń kà, òǹkà 32-bit fún byte tó ń wọlé. Ó dà bíi nọ́ńbà máìlì inú mọ́tò: tó bá kún, á padà sí 0. Ibi tí tìrẹ ti ń kún ni 4,294,967,296 byte. Lórí 100 Mbps, ó máa gbà tó ìṣẹ́jú 5 àti àáyá 43 kó tó yí po. Ìṣẹ́jú 5 ni MRTG rẹ fi ń yọjú, nítorí náà kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tó lè yí láàárín yíyọjú méjì. MRTG mọ ìyẹn, ó sì máa ń tún un ṣe.

Lórí 1 Gbps, àáyá 34 péré ló fi ń yí. Lórí 175, ìṣẹ́jú 3 àti àáyá 16. Tó bá ti yí lẹ́ẹ̀kan tó sì tún kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀, MRTG ò lè mọ̀. Ṣírò rẹ̀: 4,294,967,296 lọ́nà 8, pín in sí àáyá 300, ó jẹ́ 114.5 Mbps. Gíráàfù rẹ kò lè kọjá iye yẹn láé. Ohunkóhun tó bá lé, á bẹ̀rẹ̀ láti 0. 65 alẹ́ rẹ yẹn, fi 114.5 kún un.

Ọmọ Ṣọ̀ún
179.5.

Màmá Fáíbà
Ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú márùn-ún nìyẹn sì ni. Nínú ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, ọ̀pọ̀ àáyá ló ti kan 200 lórí, tí packet ń tò, tí ping ń di 318. Má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán o. Lálẹ́ òní, lórí ráútà fúnra rẹ̀, tẹ `/interface monitor-traffic ether1`. Ìyẹn ń wò ó lójú ẹsẹ̀, kò sí MRTG láàárín.

Ọmọ Ṣọ̀ún
8:41 alẹ́. 197 Mbps.

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Lẹ́yìn tá a gòkè sí 200, mo gba oníbàárà kún un. 70 ni wọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n ti di 160. Ìpele 10 Mbps ni gbogbo wọn. Gíráàfù ló ní àyè wà.

Baba Másíìtì
160 lórí 200! Ojúkòkòrò pọ̀ o.

Alága Dátà
8 sí 1 nìyẹn, kò burú ju ohun tí àwọn ẹlòmíì ń ṣe lọ.

Màmá Fáíbà
Ilé akẹ́kọ̀ọ́ ni, Alága. Wákàtí kan náà ni gbogbo wọn ń lò ó. Tí gbogbo wọn bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, 1.25 Mbps ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ Ṣọ̀ún, tún gíráàfù ṣe ná. Ìlà Target inú mrtg.cfg, fi kólónù márùn-ún àti 2 sí ìdí rẹ̀, báyìí: `2:public@192.168.88.1:::::2`. SNMP v2c nìyẹn, ifHCInOctets, òǹkà 64-bit, ni yóò máa kà. Wo MaxBytes náà (iye tó ga jù tí MRTG yóò gbà), byte ni, kì í ṣe bit: 125000000 fún pọ́ọ̀tù 1 Gbps. Tó bá jẹ́ 12500000, gbogbo ohun tó bá ju 100 Mbps lọ ni MRTG yóò jù nù. Yí "public", ọ̀rọ̀ aṣínà SNMP, padà sí ọ̀rọ̀ míì. Ti àtẹ̀yìnwá kò ṣe é tún ṣe mọ́.

Ìkejì, fi queue (ibi tí packet ti ń tò) sórí ráútà rẹ ní 190M, kì í ṣe 200, kí packet lè máa tò lọ́dọ̀ rẹ níbi tí o ti lè pín in. Lo PCQ kí ó pín dọ́gba. Tí RouterOS (ètò inú ráútà rẹ) bá ti dé 7, fq_codel, irú queue míì, náà wà níbẹ̀. Pa òfin fasttrack (ọ̀nà àbùjá fún packet) inú firewall, torí packet tó bá gba fasttrack kọjá kì í kan simple queue rárá. Ibẹ̀ ló máa ń já ọ̀pọ̀ ènìyàn kulẹ̀. Wọ́n á ṣe queue, kò ní ka nǹkan kan.

Ìkẹta, fi SmokePing (ètò tó ń ya gíráàfù ping) ping gateway yẹn tọ̀sán-tòru, kí o tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ MRTG. Queue kì í bí bandwidth o. Yálà kí o ra kún 200, tàbí kí o má gba ẹnì kankan mọ́.

Àbúrò Linux
Ẹ̀gbọ́n, ọmọ tẹ́ ẹ gé yẹn ńkọ́?

Ọmọ Ṣọ̀ún
Mo ti ṣe é, mà. Fasttrack ti kúrò, PCQ wà ní 190. 8:45 alẹ́ àná: gateway 21 ms, kò sí packet tó sọnù. Ṣùgbọ́n CPU ráútà ti gun orí 78%, kò ju 30 lọ tẹ́lẹ̀.

Màmá Fáíbà
Fasttrack tó kúrò ló fà á, gbogbo packet ló ń gba inú firewall kọjá báyìí. Dín òfin firewall kù, kí o gbé èyí tó gba established àti related (packet ìsopọ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀ àti èyí tó tan mọ́ ọn) sí òkè pátápátá. Tó bá ṣì kọjá 85 lálẹ́ Sátidé, ráútà lo máa kọ́kọ́ rà.

Ọmọ Ṣọ̀ún
Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ti gbé e sókè, 61% ni báyìí.

Àbúrò Linux
Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yẹn ni mò ń bèèrè o.