Kí ni mo lè fi di ọṣẹ tí mo ń fọwọ́ ṣe, tí kò ní gbówó lórí jù?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọṣẹ ìwẹ̀ ni mo ń fọwọ́ ṣe, èmi nìkan ni mo sì ń dá a ṣe. Àwọn tó rà á ń padà wá rà á, ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ń dì í ni kò tíì yẹ ẹ́.

Náílọ́ọ̀nù ni mo kọ́kọ́ lò. Bí mo tilẹ̀ ń fi ọṣẹ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kó gbẹ dáadáa, bí mo bá ti dì í pinpin, ńṣe ló ń làágùn. Glycerin inú rẹ̀ ló ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Mo wá gé bébà búráùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbànú, mo wé e mọ́ ọṣẹ náà láàárín kí orí àti ìdí rẹ̀ máa gba atẹ́gùn. Èyí wù mí gan-an, torí oníbàárà lè gbóòórùn ọṣẹ kó tó rà á. Àmọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, òróró á ti yọ sára bébà, tàdáwà orúkọ tí mo tẹ̀ sí i á sì ràn.

Ẹ jọ̀ọ́, irú bébà wo ni òróró kì í tètè yọ sí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbẹ́ òǹtẹ̀ fúnra yín rí, tàdáwà wo lẹ lò tí kò ràn? Mo tún ń ro àjákù aṣọ ọ̀dọ̀ àwọn télọ̀, àbí ìyẹn á fa omi ju bébà lọ? Páálí tí wọ́n ń tẹ orúkọ sí ò ṣeé ṣe fún mi, torí ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń fẹ́ kéèyàn rà lẹ́ẹ̀kan náà, ọṣẹ 40 péré ni mo sì ń ṣe lóṣù.