Ṣé wọ́n ń dáná nínú bàálù? Èsì sí àwọn àbá lórí oúnjẹ bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Àbá mẹ́rin ló wà nílẹ̀ lórí orúkọ Yorùbá tí a ó fi máa pe nǹkan tó jẹ mọ́ oúnjẹ bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì, ìyẹn ìjókòó olówó ńlá, nínú bàálù tó ń lọ ọ̀nà jíjìn: “ilé ìdáná òfurufú” fún ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ṣètò oúnjẹ, “ààrò” fún ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, “ìpele” fún oúnjẹ tí wọ́n ń gbé wá tẹ̀ léra, àti “oúnjẹ àkànṣe” fún èyí tí èrò bèèrè ṣáájú nítorí ẹ̀sìn tàbí àìlera. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú wọn. Iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe ló yẹ kó sọ ọ́ lórúkọ, iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kò sì jọ ohun tí àwọn orúkọ yìí ń wí.

Ẹnìkan ti sọ pé dá iná ni ìdáná, pé níwọ̀n bí kò ti sí iná nínú bàálù, ọ̀rọ̀ náà kò bá a mu. Àtakò tèmi kọ́ nìyẹn. Ẹni tó ń fi gáàsì tàbí iná mànàmáná sebẹ̀ náà ń dáná, èdè ti gbà á bẹ́ẹ̀. Ohun tó ba àbá náà jẹ́ ni pé wọn kì í sábà se oúnjẹ lókè. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń sè é, nínú ilé oúnjẹ ńlá tó sún mọ́ pápákọ̀ òfurufú. Bí adìẹ bá ti jinná, wọ́n á gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù lù ú kó lè yára tutù dé ìsàlẹ̀ ìwọ̀n 5°C, nítorí àárín ìwọ̀n 5 sí 60 ni kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀ sí i kíákíá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bù ú sínú abọ́, wọ́n á tò ó sínú kẹ̀kẹ́ oúnjẹ. Yìnyín gbígbẹ (gáàsì kábọ́ọ̀nù dáyọ́síàdì tó ti dì) tàbí ẹ̀rọ ló ń mú inú rẹ̀ tutù títí dìgbà oúnjẹ. Lókè, ó ku kí wọ́n mú un gbóná fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Òótọ́ ni pé Cathay Pacific, ilé iṣẹ́ bàálù Hong Kong, ti pẹ́ tó ti ń gbé ẹ̀rọ ìsèrẹsì àti ẹ̀rọ ìyan búrẹ́dì sínú bàálù rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tó láti sọ gbogbo ibẹ̀ di ilé ìdáná.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú un gbóná kì í sì í ṣe ààrò. Ìsàlẹ̀ ìkòkò ni iná ààrò ti ń jó. Èyí ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná yí oúnjẹ ká, àwọn mìíràn sì ń fi ooru omi kún un kí oúnjẹ má baà gbẹ. Àbá tèmi ni “ẹ̀rọ amóúnjẹgbóná”. Bí a ṣe hun amúlétutù àti amóhùnmáwòrán náà ni mo ṣe hun ún, kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ tí á béèrè ohun tó ń ṣe.

Ibi iṣẹ́ wọn ńkọ́? Ní ìjókòó ẹ̀yìn tí owó rẹ̀ kéré, inú abọ́ fóìlì tí oúnjẹ bá wá náà ló máa ń wà dé iwájú èrò. Ní bísínẹ́ẹ̀sì, òṣìṣẹ́ sábà máa ń kó o kúrò nínú abọ́ yẹn, á bù ú sínú àwo tánganran, á da ọbẹ̀ lé e, á nu etí àwo, kó tó gbé e jáde. Bíbù ni iṣẹ́ ibẹ̀. Nítorí náà mo dá “ibi ìbóúnjẹ” lábàá.

Ìyàtọ̀ yìí ń ran ẹni tó fẹ́ jẹun lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbà pé wọ́n ń dáná lókè á ní kí wọ́n má jẹ́ kí ẹran màlúù òun jinná jù, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ amóúnjẹgbóná tún ń sè é sí i ni. Ẹran tí wọ́n fi ọbẹ̀ bò ló ń dára jù, torí ọbẹ̀ kì í jẹ́ kó gbẹ. Ẹja tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò lọ́bẹ̀ ló ń tètè bàjẹ́. Nínú oúnjẹ tiwa, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti mọ́ínmọ́ín fara dà á dáadáa. Dòdò àti àkàrà kò lè fara dà á: omi inú wọn máa ń jáde sára wọn nínú abọ́ tí a dé, gbogbo bí wọ́n ṣe gan á sì rọ̀. Iyán tó ti tutù máa ń le, àfi bí wọ́n bá wé e dáadáa kí ooru omi tó mú un rọ̀ padà. Ọ̀rọ̀ tó kàn wá nìyí, torí ọ̀nà Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù tí Air Peace náà bẹ̀rẹ̀ sí fò lọ sí pápákọ̀ Gatwick ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 2024 ju wákàtí mẹ́fà lọ.

Ẹnìkan tún bi wá pé kí ni ká pe adùn tí Kikunae Ikeda, onímọ̀ ará Japan, ṣàlàyé ní 1908, tí wọ́n ń pè ní umami, èyí tó yàtọ̀ sí ti iyọ̀, ṣúgà, ọsàn kíkan àti ewúro. “Adùn karùn-ún” ni àbá rẹ̀. Oǹkà lásán nìyẹn. “Adùn irú” ni kí a pè é, nítorí èròjà tó ń fa adùn yìí náà ló ń mú irú dùn. Ó sì wúlò níbí gan-an. Afẹ́fẹ́ inú bàálù tó wà lókè dà bíi ti orí òkè tó ga tó 6,000 sí 8,000 ẹsẹ̀ bàtà, ó gbẹ, ariwo ẹ̀ńjìnnì kò sì dákẹ́. Ilé ìwádìí Fraunhofer ní Jámánì yẹ̀ ẹ́ wò fún Lufthansa, ilé iṣẹ́ bàálù Jámánì, ní 2010, wọ́n rí i pé iyọ̀ àti ṣúgà kì í hàn lẹ́nu tó bó ṣe ń hàn nílẹ̀. Adùn irú ni kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Ìdí nìyí tí tòmátì, olú àti wàràkàṣì fi ń pọ̀ nínú oúnjẹ òfurufú.

“Ìpele” ń sọ pé ọ̀kan ga ju èkejì lọ, èyí kò sì rí bẹ́ẹ̀. “Ọ̀wọ́” ló tọ́. Wọ́n á tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ìpanu á dé, oúnjẹ gidi á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà èso tàbí ohun dídùn. Lórí ìrìn òru tó kúrú, èrò lè ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wá lórí tíréè kan kí òun lè tètè sùn. Ọ̀wọ́ kan ṣoṣo ni ìyẹn.

“Oúnjẹ àkànṣe” ni mo kọ̀ jù. Ó ń dún bí oúnjẹ ọlọ́lá, ó sì ti ṣi àwọn èrò lọ́nà. Èèwọ̀ ni kókó rẹ̀: ti ẹ̀sìn, ti dókítà, ti ara tó kọ ẹ̀pà. Mo dá “oúnjẹ apèèwọ̀mọ́” lábàá. Lẹ́tà mẹ́rin ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sórí tíkẹ́ẹ̀tì: MOML fún Mùsùlùmí, KSML fún Júù, DBML fún alátọ̀gbẹ. Ẹni tó bá ń jẹ ẹyin àti wàrà kó má ṣe yan VGML, torí kò sí ẹyin tàbí wàrà nínú rẹ̀. VLML ni tirẹ̀. Ó kéré tán, kí a bèèrè ní wákàtí 24 ṣáájú, ti Júù sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá yí tíkẹ́ẹ̀tì padà sí ọkọ̀ mìíràn, kí a tún un bèèrè, torí ibẹ̀ ló ti sábà máa ń sọ nù.

Ní ti “ìjókòó oníṣòwò” fún bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Aláìsàn, ọmọdé àti arìnrìn-àjò lásán ń jókòó níbẹ̀, gbogbo ayé sì ti mọ bísínẹ́ẹ̀sì. Apèèwọ̀mọ́ nìkan ló ṣì gùn lẹ́nu. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì sọ nù, kó gbé e wá.