Kí ló máa jẹ́ kí ẹ gba áàpù gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ búkà?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń ṣe áàpù kan tí yóò máa júwe ilé oúnjẹ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn. Mo jókòó ti àwọn oníbàárà ní Bódìjà àti Mọ́kọ́lá, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń yan ibi tí wọ́n á ti jẹun. Kò sẹ́ni tó wo ìràwọ̀ márùn-ún kankan tí áàpù fi ń díwọ̀n ilé oúnjẹ! Ọlọ́kadà ni wọ́n ń bi, tàbí kí wọ́n gba ibi tí èrò pọ̀ sí lọ. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ò ju pé: ṣé gbẹ̀gìrì ò tíì tán, èló ni ẹran?

Ibi tó ti rú mi lójú nìyí. Mi ò fẹ́ kí ẹni tí kò jẹun níbẹ̀ rí máa kọ ìyìn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ búkà kì í fúnni ní rìsíìtì. Tí mo bá ní kí èèyàn fi alẹ́ẹ̀tì báǹkì hàn, ta ló máa gbà? Èmi gan-an ò ní gbà.

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ń wò kẹ́ ẹ tó gbà pé òótọ́ ni? Tí mo bá kọ ọjọ́ tí wọ́n fi iye owó síbẹ̀, ṣé ó tó? Ẹ̀yin olóúnjẹ ńkọ́, ṣé ẹ lè máa tẹ bọ́tìnnì kan tí ọbẹ̀ bá ti tán, àbí wàhálà ni?