Ẹ̀yin tí ẹ gba fọ́ọ̀mù JAMB ọ̀fẹ́ ní Ìkòròdú, báwo ló ṣe rí?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o. Wọ́n ní fọ́ọ̀mù JAMB ọ̀fẹ́ àti ẹ̀kọ́ àfikún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní káńsù wa. Ẹja yíyan ni mò ń tà, agbára mi ò ká fọ́ọ̀mù méjì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ nínú rẹ̀ ńkọ́?

Aláṣọ Ṣábó: Ẹ ti ṣe NIN wọn? Ẹ kọ́kọ́ wá ìyẹn.

Ọmọ Agric: Mo jẹ nínú rẹ̀ ní 2019. Fọ́ọ̀mù nìkan kọ́ ló ràn mí lọ́wọ́ o, ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an ni. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe JAMB, mi ò sì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Mẹ́fà ni àwa ogójì ń pín lò. Tíṣà wa mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya bọ́tìnnì mẹ́jọ sórí tábìlì kọ̀ọ̀kan: A, B, C, D, N, P, S, R. Ẹni tí kò bá tíì kàn, tábìlì ni yóò máa tẹ̀. Ìka mi á funfun délé. Lọ́jọ́ ìdánwò, ìbéèrè 180, wákàtí méjì, ọwọ́ mi ti mọ̀nà. LASPOTECH, pólì ìjọba Èkó, ni mo wọ̀, kó tó di yunifásítì ní 2022.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà: Ọ̀rọ̀ tábìlì yìí dùn mí. Àbúrò mi ò rí irú ẹ̀. Ó ṣèèṣì tẹ S tí wọ́n fi ń parí ìdánwò, kò mọ̀ pé R ló máa fi padà.

Aláṣọ Ṣábó: Kọ̀ǹpútà á ṣáà kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti parí.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà: Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já, ṣé yóò kà á ni?

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta: Níbi tèmi, ìwé ọmọ onílùú ni wọ́n ní ká mú wá. Ibí ni wọ́n bí ọmọ mi sí! Ó dùn mí wọra.

Ọmọ Agric: Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. WAEC tí ìjọba Èkó ń san fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kì í wo ìlú bàbá ọmọ. Bó ṣe yẹ kí gbogbo ẹ̀ rí nìyẹn.

Aláṣọ Ṣábó: NELFUND, owó ìjọba àpapọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, ṣáà wà.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà: Ẹ̀yáwó nìyẹn, ẹni tó bá ti wọlé ni wọ́n ń fún. Ti ẹni tí ò tíì wọlé là ń sọ.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ya bọ́tìnnì mẹ́jọ náà sórí tábìlì ẹja mi. Táíwò ti ń tẹ̀ ẹ́. Kẹ́hìndé ní kí n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́.